Mọ́mì, kí ni Ọlọ́run sọ?

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. London la wà. Démiládé, àkọ́bí wa, ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, fọ́ọ̀mù ilé-ìwé girama rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ kánsù, ó pẹ́ tán, ní October 31. Ọkọ mi fẹ́ ilé-ìwé tó wà nítòsí ilé. Èmi fẹ́ ti ìjọ, àmọ́ bọ́ọ̀sì méjì ni ọmọ máa wọ̀ débẹ̀. A ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi lọ bá wòlíì kan n'Íbàdàn, ìyẹn ní òun rí omijé lójú ọ̀nà. Lánàá ni ọmọ náà wá bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni Ọlọ́run sọ?" Mo ní kó lọ fọ eyín. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ tí Ọlọ́run bá ti dáhùn?

Ìyá Démiládé

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, mo rẹ́rìn-ín níbi eyín fífọ̀ yẹn, torí èmi náà ti sá fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n pè é padà. Sọ fún un pé, "Mo ti béèrè, n kò tíì mọ̀, mo ṣì ń béèrè." Ọmọ tí kò bá gbọ́ èyí lẹ́nu òbí rẹ̀ máa rò pé gbogbo àgbà ló ń gbóhùn, pé etí tòun nìkan ló di.

Jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ọdún kejì tá a dé Kent, à ń wá ilé. Mo béèrè àmì bíi ti Gídéónì: bí onílé bá pè kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ilé wa nìyẹn. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, fóònù dún. Mo pariwo Halelúyà títí aládùúgbò fi ń gbá ògiri. A kó wọlé. Nígbà tí òtútù dé, a sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri yàrá àwọn ọmọ. Ògiri ti hu dúdú láti ilẹ̀ dé èjìká mi, ó rọ̀ bíi fùfú àná. Ọmọ mi wúkọ́ títí di oṣù kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti lọ wo ilé yẹn kí n tó sanwó, n kò fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣebí àmì ti dé, kí ni mo tún ń wá?

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Jóṣúà orí 9 tó yé mi. Àwọn ará Gíbéónì gbé oúnjẹ tó ti hu wá, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn làwọn ti ń bọ̀. Àwọn àgbà Ísírẹ́lì yẹ oúnjẹ wò, wọn kò béèrè lọ́wọ́ Olúwa. Èmi béèrè, n kò yẹ nǹkan kan wò. Nínú èmi àti wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́n jura lọ. Gídéónì tí mo sì fara wé, ẹ tún un kà: Ọlọ́run ti rán an níṣẹ́ kó tó tẹ́ irun àgùntàn sílẹ̀. Ó mọ ohun tí Ọlọ́run wí. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Nehemáyà ló wá di olùkọ́ mi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń sunkún tó ń gbàdúrà nítorí odi Jerúsálẹ́mù tó wó lulẹ̀, kí ọba tó bi í pé kí ló ń fẹ́. Ó gbàdúrà wéré nínú ọkàn, ó sì lanu: iye àkókò tóun máa lò, lẹ́tà sí àwọn gómìnà, igi láti inú igbó ọba. Ta ló bá a to gbogbo ìyẹn? Mo gbà pé orí eékún ló ti ń rí wọn. Bó ṣe ń ṣe èmi náà nìyẹn. Tí mo bá jáde iṣẹ́ alẹ́ ní aago méje àárọ̀, ibùdókọ̀ ni mo ti ń bá Olúwa sọ̀rọ̀, fìlà lórí, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ètè ń mì pẹ́pẹ́. (Obìnrin kan ti bi mí rí bóyá ara mi le.) Kì í sábà jẹ́ "lọ" tàbí "má lọ" ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kí n pè ni, tàbí ohun tí n kò tíì wò.

Nítorí náà, ìwọ àti Démiládé, ẹ wọ bọ́ọ̀sì méjèèjì yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, ní àkókò tí àwọn ọmọ ń lọ gan-an. Ka òfin tí wọ́n fi ń gba ọmọ. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọ ló ń béèrè ìwé tí àlùfáà fọwọ́ sí pé ẹ ń wá sí ìsìn déédéé. Má sì jẹ́ kí ipò tẹ́ ẹ máa to àwọn ilé-ìwé sí lórí fọ́ọ̀mù gba oorun lójú rẹ; ilé-ìwé kì í rí ipò tẹ́ ẹ fi í sí. Ẹ kọ èyí tó wù yín jù ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó sún mọ́ ilé sí i. Tí àkọ́kọ́ kò bá bọ́ sí i, wọ́n á wo èyí tó tẹ̀ lé e. March 1 ni èsì máa ń jáde.

Àríyànjiyàn ìwọ àti ọkọ rẹ kò túmọ̀ sí pé Ọlọ́run dákẹ́. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15, àwọn àpọ́sítélì àti àwọn àgbà ìjọ jiyàn gan-an kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ó dára lójú Ẹ̀mí Mímọ́ àti lójú àwọn.

Ní ti wòlíì, ìjọ Àpọ́sítélì ni wọ́n ti tọ́ mi, ìtàn ìsọjí Babalọlá ní Iléṣà lọ́dún 1930 ni wọ́n fi ń rẹ̀ wá sùn. N kì í fi ìran ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù tó ní ká má kẹ́gàn àsọtẹ́lẹ̀ náà ló ní ká dán ohun gbogbo wò. Omijé lójú ọ̀nà: ọ̀nà wo? Ọmọ ọdún mọ́kànlá wo ni kì í sunkún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Kí màmá dáadáa, ní ẹ ti gbọ́, ẹ ń gbàdúrà sí i. Tí nọ́ńbà àkáǹtì bá tẹ̀ lé ìran, pa fóònù.

Jẹ́ kí Démiládé náà gbàdúrà, ní èdè tó bá wá sí i lẹ́nu. Nígbà tó kan ọmọkùnrin mi, kò tọrọ ju pé kí ilé-ìwé náà ní pápá bọ́ọ̀lù tó ní koríko. Ó kù díẹ̀ kí n bá a wí. Wọn kò fún un ní èyí tá a kọ ṣáájú; mo sunkún lórí lẹ́tà yẹn. Òun kàn béèrè bóyá wọ́n ní pápá. Wọ́n ní méjì.

Tẹ́ ẹ bá ti wọ bọ́ọ̀sì náà tán, sọ ohun tí ọmọ wí fún mi. Ẹ mú agbòjò dání.