Ṣé sísọ ọ́ kò ní tún ọgbẹ́ náà dá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Oṣù márùn-ún rèé tí àwọn ajínigbé dá ọkọ mi lọ́nà, tí wọ́n mú un wọ igbó. Látìgbà tó ti dé, kì í rí oorun sùn, kò gba ọ̀nà yẹn mọ́, bí ọ̀kadà bá kọjá, á ta gìrì. Ilé ìwòsàn ní kó máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti ro bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó gbàgbé ẹ̀, pé tó bá ń tú u wò, á burú sí i. Ọ̀rọ̀ ta ni ká gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú àfaradà o, ẹ sì kú ewu.

Kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ Màmá ní ibi tó ti bá a mu: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kì í fipá mú ẹnikẹ́ni ro ohun tójú rẹ̀ rí, torí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn á padà balẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti lé lóṣù kan tí kò lọ, àìsàn ni. PTSD là ń pè é, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ tó bani lẹ́rù gan-an máa ń fi síni lára.

Sísá tó ń sá ló ń jẹ́ kó pẹ́ lára. Bó bá ti yẹ ọ̀nà yẹn sílẹ̀, ara á tù ú, á sì gbà pé ọpẹ́lọpẹ́ pé òun ò gba ibẹ̀. Ìbẹ̀rù ò wá ráyè tán.

Ohun tí wọ́n ní kó wá ṣe yẹn jọ ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Prolonged Exposure, tí Edna Foa, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìjókòó 8 sí 15 ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bíi wákàtí kan sí ọ̀kan ààbọ̀. Á dijú, á máa sọ ọ́ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á gbohùn rẹ̀ sílẹ̀, á sì máa gbọ́ ọ nílé. Bó ṣe ń rò ó ní àròtúnrò, ara á mọ̀ pé ìrántí ni, kì í ṣe igbó yẹn. Wọ́n á tún jọ kọ àwọn ohun tó ń sá fún sílẹ̀, látorí èyí tó rọrùn: bóyá kó kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ tí kò rìn. Mi ò ní kó lọ gba ọ̀nà tí wọ́n ṣì ń jí èèyàn gbé o! Ìbẹ̀rù ìyẹn, ọgbọ́n ni.

Bó bá jẹ́ ìdálẹ́bi ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù, "èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á", Cognitive Processing Therapy ni màá fẹ́, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ti ń bá èèyàn yẹ irú èrò bẹ́ẹ̀ wò bóyá òótọ́ ni. Ìjókòó 12 ni, kò sì pọn dandan kó máa ro gbogbo rẹ̀. Ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ EMDR náà wà, tí Francine Shapiro, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1987: á máa fojú tẹ̀lé ìka olùtọ́jú bó ṣe ń rántí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ojú yíyí yẹn ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, fọwọ́ sí ìtọ́jú náà ní 2013.

Àlá náà lè le sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó torí ìyẹn pa á tì. Ẹ má sì fi Valium, oògùn amúnisùn tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, rọ́pò ìtọ́jú náà. Á mú un sùn, kò ní wo ìbẹ̀rù náà sàn. Bó bá ti ń lò ó lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, kó má ṣíwọ́ lójijì. Dókítà ni yóò bá a dín in kù.

Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ikú yá òun jùyí lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.