Ojúgun tó ń dun sárésáré: kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló dì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Mo ń múra sílẹ̀ fún eré kìlómítà 42 tí wọ́n ń sá l'Ékòó lóṣù kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti kúrò ní kìlómítà 3 lójúmọ́ bọ́ sí 12. Ojúgun mi méjèèjì wá ń dùn mí, nísàlẹ̀, lápá inú. Ìyá kan ládùúgbò wa ní ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. Aṣọ gbígbóná àti òrí ló fi ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń dẹ̀ fún ọjọ́ méjì, bí mo bá ti sáré, ó tún dé. Ṣé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ léraléra ni, àbí òróró mìíràn wà tó jù ú lọ?

Ìdáhùn: Ẹ dá títẹ̀ náà dúró lónìí. Ẹni kẹrin rèé lóṣù yìí tó ń bi mí léèrè òróró, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń ká mi lára.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dì sójúgun yín. Ẹ fọwọ́ kàn án wò: awọ ara ni, lẹ́yìn awọ, egungun. Kò sí ẹran níbẹ̀ tí èèyàn ń wọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wé egungun náà, ìrora kì í sì í pẹ́ dé ibẹ̀. Egungun fúnra rẹ̀ kì í ṣe òkúta, ohun alààyè ni. Bí a bá ń sáré, ara a máa wó ibi tó ti gbó nínú rẹ̀, a sì máa mọ tuntun síbẹ̀, bí ẹni ń tún ògiri ilé ṣe. Wíwó a máa yá, mímọ a máa pẹ́. Ẹni tó ti 3 bọ́ sí 12 lọ́sẹ̀ mẹ́ta kò jẹ́ kí bíríkìlà mọ ọ́n tán kó tó tún gun orí ògiri. Ohun tí àwọn sárésáré ń pè ní shin splints nìyẹn.

Kí ló wá dé tó fi ń dẹ̀ fún ọjọ́ méjì? Ẹ ò sáré lọ́jọ́ méjì náà ni. Ìsinmi ló ṣiṣẹ́, aṣọ gbígbóná ló gba ìyìn.

Ká tiẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ló dì lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ a máa dì nínú ẹsẹ̀: ẹsẹ̀ kan ló sábà máa ń jẹ́, a wú, a gbóná, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni yóò sì máa dun onítọ̀hún. Irú ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ tó dì náà lè já, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa èèyàn. Bí kò bá dì, títẹ̀ ò wúlò. Bí ó bá dì, títẹ̀ léwu.

Mi ò tíì fojú rí ẹsẹ̀ yín, nítorí náà ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ìka kan tẹ ojúgun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìrora bá tàn lọ gbọọrọ, tó gùn tó ìka ọwọ́ kan, ó jọ ohun tí mo ń sọ. Bí ó bá jẹ́ ojú kan bíi kọ́bọ̀, tó ń dùn yín lóru, tàbí tí ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò, egungun lè ti máa là. Ẹ má sáré rárá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ́síréè àkọ́kọ́ lè má rí i, torí ibi tó là a máa tẹ́ẹ́rẹ́ jọjọ ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ìrora ò bá lọ, ẹ béèrè MRI, àwòrán inú ara tó ń rí ohun tí ẹ́síréè ò rí. Obìnrin tó ń sáré tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, àti ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, kí wọ́n má dúró wo àmì kankan kí wọ́n tó rí dókítà.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ fi eré sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán; ti ẹlòmíràn a tó mẹ́fà. Ẹ lè wẹ odò, ẹ lè gun kẹ̀kẹ́. Yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé, ìṣẹ́jú 15, a máa mú ìrora rọlẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbé oògùn ìrora mì kí ẹ lè sáré: ó ń bo ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀ ni, kò sì dára fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ò le. Tí ìrora bá ti rọ̀, ẹ dúró létí àtẹ̀gùn, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìgbà 15, lọ́nà mẹ́ta. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú orúnkún títẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ kan sí àárín.

Ìgbà tí ẹ bá rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ìrora ni kí ẹ tó sáré: ìṣẹ́jú kan eré, méjì ìrìn, fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sáré lónìí, ẹ sinmi lọ́la. Ẹ pààrọ̀ kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹ. Kì í ṣe sísáré lórí ọ̀dà títì ni mo ń bá jà, iye kìlómítà ni.

Ti oṣù kejì, ẹ jẹ́ kó kọjá. Wọ́n máa ń sá kìlómítà 10 níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ojúgun bá ti jinná pátápátá, ẹ wo ìyẹn.

Ẹ bá mi kí ìyá náà. Mi ò bú wọn o, ọwọ́ wọn lè tu ẹni tí ẹ̀yìn ń ro lára. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá wú, tó sì gbóná, kí wọ́n má fi òrí kàn án, kí wọ́n ní kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.