Ẹ Má Tíì Ju Géèmù Àtijọ́ Yẹn Nù: Ìbéèrè Òǹkàwé àti Ìdáhùn

Lẹ́tà tó wọlé lórí géèmù àtijọ́ lóṣù yìí pọ̀, a sì ṣa mẹ́fà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn olówó wọn ti ń sunkún rẹ̀ kò kú rárá. Iná tí kò bá a mu tàbí ìdọ̀tí ló dá a dùbúlẹ̀. Kí ẹ tó náwó, ẹ wá mítà tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń lò sọ́wọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi fi Super Nintendo ránṣẹ́ sí mi láti Houston. Mi ò tíì kì í bọ iná torí mo gbọ́ pé iná tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ṣé sitẹbiláísà ilé wa lè ṣe é? — Òǹkàwé, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun tí ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ yí ṣájà yẹn wò: 120V, 60Hz, 17W ni wọ́n kọ sí ibi tí iná ń gbà wọlé, 10V DC (irú iná tí bátìrì ń tú jáde), 850mA ni wọ́n kọ sí ibi tó ń gbà jáde. Iná tiwa jẹ́ 230V. Bí irú ṣájà bẹ́ẹ̀ bá kan 230V, tiransifọ́mà inú rẹ̀ á gbóná kọjá ààlà, wáyà rẹ̀ á sì jó. Kó tó jó pàápàá, iná tó ń tú sínú géèmù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Sitẹbiláísà kò lè gbà yín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú iná tó ń ṣe ségesège padà sí 220V tàbí 230V. Kì í sọ ọ́ di 120V.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra step-down, ìyẹn tiransifọ́mà tó ń sọ 220V di 110V. Èyí tí wọ́n kọ 100W sí tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Ẹ má ra èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, tí wọ́n ṣe fún áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbẹrun nìkan. Kò ní tiransifọ́mà nínú, á sì ba ṣájà yín jẹ́. Ọ̀nà kejì ló tẹ́ wa lọ́rùn jù: kí ẹ ra ṣájà àfirọ́pò tó ń gba 100V sí 240V. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ṣe é fún Super Nintendo ti Amẹ́ríkà gan-an, torí ihò rẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀, ẹnu róbótó lásán kò ní wọ̀ ọ́. Ní ti 60Hz àti 50Hz, ẹ má da ara yín láàmú. Kírísítàlì inú géèmù ló ń ka àkókò fún un.

Bí àwòrán bá wá jáde ní dúdú àti funfun, kò sí ohun tó bàjẹ́. NTSC ni ìlànà àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, PAL sì ni ti Nàìjíríà. Ẹ wọ inú mẹ́nù tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá Colour System, ẹ gbé e sí Auto tàbí NTSC. Wáyà AV ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti eríàlì, torí ìkànnì 3 àti 4 tí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ń lò kò bá tẹlifíṣọ̀n wa mu. Bí àwòrán bá tiẹ̀ bọ́ síbẹ̀, ohùn lè má jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kì í bọ 230V kí ẹ tó ka èyí, ẹ má tíì ṣọ̀fọ̀. Ẹ wá ṣájà tó dára. Bí géèmù kò bá tàn, ẹ tú u, ẹ fi mítà yẹ fíúsì kékeré tí wọ́n kọ F1 sí nítòsí ihò ṣájà wò. Bí fíúsì bá yè, ẹ wọn 7805, ìyẹn páàtì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń sọ iná di 5V, tí wọ́n fi sukúrúù mọ́ irin tó ń fa ooru. Ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.75V sí 5.25V. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun ni kí ẹ pààrọ̀. Kò wọ́n rárá, ọjà àwọn tó ń tà páàtì rédíò kún fún un.

Kí a tó kúrò níbí: pé ẹnu ṣájà wọ ihò kò ní kí ó bá ẹ̀rọ mu. Ṣájà NES, ìyẹn géèmù Nintendo tó ṣáájú Super Nintendo, ń tú 9V AC (irú iná ti ara ògiri) jáde. Ẹnu rẹ̀ sì wọ Mega Drive àkọ́kọ́ ti Sega, tó fẹ́ 9V DC tí négétíìfù rẹ̀ wà láàárín. Ẹni tó bá dán an wò lè fi ẹ̀rọ náà ṣòfò. Nígbà tí Sega ṣe Mega Drive kejì, wọ́n yí pọ́sítíìfù sí àárín, wọ́n sì sọ ọ́ di 10V. Ẹ fi bébà lẹ orúkọ ẹ̀rọ mọ́ ṣájà kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí ẹ bá ní ju ẹyọ kan lọ.

Bí mo bá tan NES mi, èyí tí a ń ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti iwájú, iná pupa rẹ̀ á máa tàn, á máa kú. Mo ti fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì títí ó sú mi. — Òǹkàwé, Peckham, London

Ẹ jáwọ́ nínú fífẹ́ ẹ. Itọ́ ń bá èémí yẹn jáde, ó sì ń jẹ́ kí ẹnu kásẹ́ẹ̀tì dípẹtà. Ohun tó jẹ́ kó dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ yọ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ tún un tì bọ̀. Títún-un-tì yẹn ló ṣe é, kì í ṣe èémí.

Ṣíìpù kan wà nínú NES tí wọ́n ń pè ní 10NES, ó ń ṣe bí ẹ̀ṣọ́. Èkejì rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìdáwọ́ dúró. Bí ti inú ẹ̀rọ kò bá gbọ́ èsì, á dá ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bíi ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Òun lẹ ń rí tí iná ń ṣẹ́jú. Famicom, ìyẹn NES ti Japan, kò ní ẹ̀ṣọ́ yìí, NES tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti òkè, tó jáde ní 1993, kò sì ní i.

Kásẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀. Ẹ rin òwú tí a fi ń nu etí sínú isopropyl alcohol tó tó 90% sókè, ẹ fi nu ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ máa pààrọ̀ òwú títí ọ̀kan á fi jáde ní funfun. Bí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ dojú NES dé, ẹ tú sukúrúù 6 tó wà nísàlẹ̀, ẹ gbé irin ìbòrí kúrò, lẹ́yìn náà àwo tí kásẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú gbọọrọ ẹlẹ́sẹ̀ 72 tó wà lẹ́yìn á yọ bí ẹ bá fà á tààrà. Ẹ nu etí bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ibẹ̀. Ẹ wá se sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú omi mímọ́ fún bí ìṣẹ́jú 10, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, kó gbẹ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dá a padà. A kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí kí ẹ sáré ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun. Púpọ̀ nínú wọn ń di kásẹ́ẹ̀tì mú bí ẹ̀mú, wọ́n sì ń ha ẹnu rẹ̀.

Àwọn kan a máa gbé ẹsẹ̀ 4 ṣíìpù ẹ̀ṣọ́ náà kúrò lórí bọ́ọ̀dù, wọn á fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀ bọ́ọ̀dù, ìyẹn négétíìfù. Iná kò ní ṣẹ́jú mọ́ lóòótọ́, ẹ ó sì lè lo kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ London yín, àmọ́ eré á lọ́ra láti 60 àwòrán sí 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìdọ̀tí bá sì ṣì wà níbẹ̀, àwòrán játijàti ni ẹ ó máa rí dípò iná tó ń ṣẹ́jú.

Ìbọn géèmù pẹ́pẹ́yẹ kò pa ẹyọ kan lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ wa. Ṣé ìbọn ló bàjẹ́? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Rárá. Bí ẹ bá ti fa ìbọn, géèmù á sọ gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n di dúdú, lẹ́yìn náà á gbé àpótí funfun sí ipò pẹ́pẹ́yẹ fún ìdá 60 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìbọn bá rí ìmọ́lẹ̀ lásìkò náà gẹ́lẹ́, ẹyẹ kú. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ máa ń pẹ́ kó tó gbé àwòrán jáde, nígbà tí funfun á sì fi yọ, géèmù ti kúrò níbẹ̀. Ìbọn náà tún ń wá ìlù bíi 15kHz tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ fi ń ya ìlà rẹ̀, kò sì sí i lára ti ìgbàlódé. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọ̀ǹgọ̀ nìkan ni ojútùú. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ má tú ẹ̀yìn rẹ̀: iná inú rẹ̀ lè ju 20,000V lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára iná.

Kásẹ́ẹ̀tì mi kò tọ́jú ibi tí mo bá eré dé mọ́. — Òǹkàwé, Òṣogbo

Bátìrì inú rẹ̀ ti tán. Kásẹ́ẹ̀tì NES, Super Nintendo àti Mega Drive tó ń tọ́jú eré sábà máa ń lo CR2032 tó jẹ́ 3V. Pokémon Gold, Silver àti Crystal ti Game Boy ń lo CR2025, aago inú wọn sì ń jẹ ẹ́ kíákíá. Bí mítà bá fi hàn pé ó ti wálẹ̀ dé 2.5V, ẹ má dúró mọ́.

Gamebit 3.8mm, irú sukúrúdíráfà kan, ló ń tú kásẹ́ẹ̀tì, 4.5mm ni ti àpótí Super Nintendo àti àwọn Mega Drive kan fúnra wọn. Bátìrì tí wọ́n ti lẹ etí irin mọ́ láti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ rà. Ẹ má ṣe jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ara bátìrì lásán, torí ó lè bẹ́ lójú yín. Ẹ sàmì sí ibi tí pọ́sítíìfù wà kí ẹ tó yọ ti àtijọ́, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀dì sí bíi 350°C, ẹ má sì fi í jókòó lójú kan ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ, kí bàbà orí bọ́ọ̀dù má baà ṣí. Ohun tó wà nípamọ́ á parẹ́ nígbà tí ẹ bá yọ bátìrì.

Ohun mìíràn tó ń pa á rẹ́ ni kí iná lọ lójijì. Lórí NES, ẹ tẹ RESET mọ́lẹ̀ kí ẹ tó pa ẹ̀rọ. NEPA kò ní bá yín tẹ RESET, nítorí náà ẹ fi géèmù sórí ínfátà tàbí UPS.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo mọ C díẹ̀. Mo fẹ́ kọ géèmù fún NES, mi ò sì ní owó ẹ̀rọ. — Òǹkàwé, Ilé-Ifẹ̀

Láptọ́ọ̀pù tó ti gbó pàápàá tó. Ẹ gba cc65 sílẹ̀, òun ló ń sọ C àti assembly (èdè tó sún mọ́ ẹ̀rọ jù) ti 6502, ṣíìpù tó ń ṣe ìṣirò nínú NES, di géèmù, ẹ sì gba Mesen tàbí FCEUX, ìyẹn emulator tó ń ṣe bí NES lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ ó fi dán an wò. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi assembly bẹ̀rẹ̀. C lórí 6502 máa ń wúwo, ẹ kò sì ní mọ ibi tí àkókò yín ń bá lọ.

Ẹ mọ bí ilé ṣe tóbi tó: RAM 2KB, 6502 tó ń sáré ní 1.79MHz lórí NTSC. Fún ìbẹ̀rẹ̀, 32KB fún kóòdù àti 8KB fún àwòrán tó. Báìtì 16 ló ń ṣíwájú fáìlì: àwọn àkọ́kọ́ ni 4E 45 53 1A, lẹ́yìn náà 02, tó dúró fún 16KB lọ́nà méjì, àti 01 fún 8KB àwòrán. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, `cl65 -t nes ere.s -o ere.nes` á ṣe ìyókù.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn, ẹ fi àṣẹ SEI àti CLD bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé stack sí $FF (àmì $ ń ṣáájú nọ́ńbà hex), ẹ fi òdo sí àdírẹ́sì $2000 àti $2001. Ẹ dúró kí bíìtì 7 inú $2002 tàn ní ẹ̀ẹ̀mejì. PPU tó ń ya àwòrán kì í gbọ́rọ̀ kó tó jí tán. Láàárín ìdúró méjèèjì, ẹ nu RAM láti $0000 dé $07FF. Ẹ má fò ó. Emulator lè fún yín ní òdo lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ gidi kì í fún èèyàn, ibẹ̀ sì ni géèmù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù ti ń dàrú lórí ẹ̀rọ. Ẹ wá kọ àwọ̀ sí $3F00 nípasẹ̀ $2006 àti $2007, kí ẹ tó tan àwòrán.

Lẹ́yìn èyí, ohun tó ń dààmú àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ jù ni vblank, àkókò kúkurú tó wà láàárín àwòrán kan sí èkejì. Inú rẹ̀ nìkan ni ẹ lè fọwọ́ kan àwòrán. Bí ẹ bá kọ nǹkan sí $2007 níta rẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n á kún fún wúruwùru. Lórí NTSC, gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi cycle 2,273, ìyẹn ìlù aago 6502. Kíkó sprite 64 (àwọn àwòrán kékeré tó ń rìn nínú eré) wọlé nípasẹ̀ $4014 nìkan ti jẹ 513 nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣe ìṣirò ṣáájú, kó jẹ́ pé gbígbé nǹkan sípò nìkan lẹ ó máa ṣe nínú vblank. Lẹ́yìn tí ẹ bá lo $2006, ẹ tún $2005 kọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwòrán á fò kúrò ní àyè rẹ̀. Sprite 8 péré ló lè wà lórí ìlà kan. Ìkẹsàn-án kò ní hàn. Ìdí nìyí tí àwọn géèmù fi ń pààrọ̀ ipò sprite, tí wọ́n sì ń ṣẹ́jú.

Ní ti páàdì, ẹ kọ 1 sí $4016, ẹ kọ 0 sí i, kí ẹ wá kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ: A, B, Select, Start, òkè, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lórí àwọn àdàkọ Famicom ti PAL tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 60, ẹ má kọjá vblank ìlà 20. NES PAL gidi ní ìlà 70, àwọn àdàkọ náà kò ní tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó bá dé, EverDrive N8, kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè kó géèmù yín sí láti ta á lórí ẹ̀rọ gidi, wà fún ẹlẹ́sẹ̀ 60 àti ẹlẹ́sẹ̀ 72.

Àpótí Super Nintendo mi ti pọ́n rúsúrúsú. Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́? — Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọṣẹ kò lè mú un kúrò. Bromine tí wọ́n pò mọ́ ike ABS kí ó má baà gbiná wà lára ohun tó ń mú un pọ́n. Ẹ tú àpótí náà, kí ike nìkan ṣẹ́ kù. Ẹ ra hydrogen peroxide 12% oníkírímù lọ́wọ́ àwọn tó ń kun irun, 40 volume ni wọ́n ń kọ sí i lára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún kó kárí, ẹ fi ọ̀rá tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá wé e, ẹ gbé e sí oòrùn òwúrọ̀. Ní gbogbo wákàtí kan, ẹ ṣí i, ẹ tún un kùn, ẹ yí i padà. Ó lè tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ kó tó padà sí àwọ̀ rẹ̀. Bí kírímù bá gbẹ sí i lára nínú oòrùn ọ̀sán, ìlà funfun tóótòòtóó á jáde, kò sì sí ohun tó ń pa á rẹ́. Àwọ̀ rúsúrúsú náà lè padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀.