Táǹkì omi iyọ̀ àkọ́kọ́: ẹ yẹ òṣùwọ̀n wò kí ẹ tó da oògùn sí i

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ti ẹni tó to táǹkì omi iyọ̀ oní 150 lítà, tí sump (àpótí omi kejì) àti skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfófó fa ìdọ̀tí jáde nínú omi) wà lábẹ́ rẹ̀, tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ó ní omi ò mọ́, òṣùwọ̀n iyọ̀ méjì ń fún òun ní èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ammonia (májèlé tó ń ti ara ẹ̀gbin ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà wá) kọ̀ kò wálẹ̀, ohun aláwọ̀ búráùn ti bo iyanrìn, skimmer sì ń tú ìfófó dànù lóru. Ó fẹ́ mọ èwo nínú àwọn oògùn inú ìgò ni kóun rà.

Ẹ má tíì ra ìkankan. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ni gbogbo táǹkì tuntun máa ń là kọjá, ìyókù sì jẹ́ ti òṣùwọ̀n àti bí ẹ ṣe to nǹkan. Ohun tó sábà ń ba táǹkì tuntun jẹ́ ni kí èèyàn da nǹkan mẹ́rin sínú omi láàárín ọjọ́ méjì, tí kò fi sẹ́ni tó lè sọ mọ́ pé èyí ló fa tọ̀hún.

Ká ti orí iyọ̀ bẹ̀rẹ̀. Omi òkun jẹ́ nǹkan bí 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílógíráàmù omi kan), ìyẹn 1.026 lórí òṣùwọ̀n ìwúwo omi. Tí tiyín bá wà láàárín 1.025 sí 1.026 ní 25°C, ó ti dáa. Òṣùwọ̀n oníke tó ní ọwọ́ tó ń gbéra nínú ni kì í ṣeé gbára lé: bí afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yẹn, á gbé e sókè, á wá kà ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì rò pé iyọ̀ ti tó nígbà tí kò tíì tó. Bí iyọ̀ bá sì gbẹ mọ́ ọn lára, á wúwo, á kà sílẹ̀. Ẹ máa fi omi aláìníyọ̀ ṣan án lẹ́yìn lílò, kẹ́ ẹ sì fi ìka gbá a jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ tó kà á.

Refractometer, òṣùwọ̀n tó ń fi ìmọ́lẹ̀ díwọ̀n iyọ̀, sàn ju ìyẹn lọ, àmọ́ òun náà ní ibi tó ti ń tanni. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kán omi tí kò ní iyọ̀ sí i, wọ́n á yí ìdè kékeré orí rẹ̀ títí yóò fi wà ní òdo, wọ́n á ní ó ti pé. Ó lè tọ̀nà ní òdo kó sì ṣì ní 35, torí pé iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ni wọ́n fi ya ìlà inú ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe omi òkun. Ẹ ra omi ìṣètò (èyí tí wọ́n ń fi tún òṣùwọ̀n tò) tó jẹ́ 35 ppt gan-an. Ẹ kán ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sórí gíláàsì rẹ̀, ẹ da ìdérí rẹ̀ bò ó kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kó lè bá ara rẹ̀ mu pẹ̀lú gíláàsì, kẹ́ ẹ wá yí ìdè náà títí tí ìlà àárín búlúù àti funfun á fi bọ́ sórí 35. Bí òṣùwọ̀n méjì bá fi 0.001 yàtọ̀ síra lẹ́yìn èyí, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.004, ẹ gba ti refractometer gbọ́, kẹ́ ẹ gbé oníke yẹn tì.

Omi táǹkì á máa fà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá omi lọ. Bí 9 lítà bá fà nínú 150 láìfi nǹkan rọ́pò, 35 ppt ti di nǹkan bí 37 nìyẹn. Nítorí náà, omi tí kò ní iyọ̀ ni ẹ ó máa fi dí èyí tó fà, lójoojúmọ́, kì í ṣe omi iyọ̀. Ẹ fi téèpù sàmì sí ògiri sump níbi tí pọ́ǹpù wà, torí ibẹ̀ ni omi ti máa ń lọ sílẹ̀ kó tó hàn nínú táǹkì òkè. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù, ẹ bu omi táǹkì díẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi aláìníyọ̀ dí i. Bó bá kéré, ẹ máa fi omi iyọ̀ dí èyí tó fà títí tí yóò fi gòkè, kó má ju 0.001 lọ lójúmọ́ bí ẹja bá ti wà nínú rẹ̀. Ẹ má bu iyọ̀ gbígbẹ sínú táǹkì tí ohun ẹlẹ́mìí wà. Ibi tó bá bà lé á jóná.

Omi tí ẹ fi ń po iyọ̀ náà ṣe kókó. Omi ẹ̀rọ ní klorínì nínú, ó sì lè ní phosphate, nitrate, silicate àti bàbà pẹ̀lú. Bàbà tí ẹja lè fara dà á pa edé àti ìgbín. Omi tó gba inú asẹ́ RO/DI (asẹ́ tó ń yọ ohun tó yọ́ sínú omi kúrò) kọjá ni kẹ́ ẹ lò, TDS rẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ ohun tó ṣẹ́ kù tó yọ́ sínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Bó bá ti ń ka 2 tàbí 3, ó ti tó àkókò láti pààrọ̀ ohun tó wà nínú àgbá DI. Omi ni ẹ ó kọ́kọ́ rọ sínú ike, kẹ́ ẹ ki pọ́ǹpù àti hítà bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó máa da iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. 20 lítà máa ń gba nǹkan bí 740 gíráàmù, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sára ike iyọ̀ yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, òṣùwọ̀n ni yóò sì sọ àbárèbábọ̀. Ẹni tó bá da iyọ̀ sílẹ̀ tó wá ń rọ omi lé e lórí á rí ẹ̀tù funfun tó lẹ̀ mọ́ ara ike àti hítà: calcium àti carbonate ti so pọ̀ nìyẹn, wọn ò sì ní padà sínú omi mọ́.

Ní ti omi tí kò mọ́, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, ìtọ́jú wọn ò sì jọra. Ẹ bu omi táǹkì kún ife gíláàsì kan, ẹ gbé e síbi tí nǹkan kan ò ti ní mì ín, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí eruku nísàlẹ̀ tí òkè rẹ̀ sì mọ́, eruku iyanrìn tí ẹ ò fi omi ṣan tó ni. Òwú asẹ́ tí ẹ ń pààrọ̀ lójoojúmọ́ á gbé e kúrò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí omi inú ife bá ṣì funfun láti òkè dé ilẹ̀, bakitéríà ló pọ̀ lójijì, ó sì jọ pé òun ni tiyín, torí ọ̀sẹ̀ kẹta ti kọjá ti eruku. Kò nílò oògùn. Ohun tó léwu níbẹ̀ ni pé bakitéríà yẹn ń mu ọ́ksíjìn inú omi, pàápàá lóru. Ẹ kọ ojú pọ́ǹpù kan sí òkè kí omi máa ru, ẹ má pa skimmer, ẹ dáwọ́ oúnjẹ àti bakitéríà inú ìgò dúró. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ammonia ni kókó ọ̀rọ̀. Bakitéríà kan ń sọ ọ́ di nitrite, òmíràn ń sọ nitrite di nitrate, gbogbo rẹ̀ sì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lórí òkúta gbígbẹ (èyí tí bakitéríà wọ̀nyí kò tíì sí lára rẹ̀). Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pẹ́. Kí ẹ tó sọ pé kò wálẹ̀, ẹ yẹ ohun ìdánwò yín wò: ẹ fi dán omi iyọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pò wò. Bí ìyẹn náà bá fi 0.25 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù) hàn, ó jẹ́ pé 0.25 inú táǹkì yín kì í ṣe ammonia. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ìgò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lórí bébà funfun, ẹ má wò ó lábẹ́ iná búlúù táǹkì. Omi ìtọ́jú tó ń de ammonia kì í mú un kúrò lójú ọ̀pọ̀ ohun ìdánwò, á ṣì máa hàn fún ìgbà díẹ̀.

Bó bá jẹ́ òótọ́ ló ga, 2 ppm ti tó fún títọ́ bakitéríà. Bó bá ti kọjá 5, òun fúnra rẹ̀ lè dá iṣẹ́ wọn dúró. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi. Ẹ má fi ẹja ṣe ìdánwò, torí ní pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí) 8.2, ìpín ammonia tó jẹ́ májèlé pọ̀ gan-an ju ti omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7 lọ. Bí ẹja bá ti wà níbẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lójoojúmọ́, kí iyọ̀ àti ìgbóná tuntun bá ti inú táǹkì mu. Nitrite kò léwu tó bẹ́ẹ̀ nínú omi iyọ̀, nítorí chloride tó pọ̀ níbẹ̀ kì í jẹ́ kó rọrùn fún un láti gba ẹ̀yà ìmí ẹja wọlé. Ṣùgbọ́n ó ń tan ìdánwò nitrate jẹ, ó ń mú kó kà sókè, nítorí náà ẹ má ka nitrate sí títí tí nitrite á fi di òdo. Àmì pé iṣẹ́ ti parí ni pé kẹ́ ẹ kán ammonia tó 2 ppm sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé ammonia àti nitrite ti di òdo lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹ wá fi ìpààrọ̀ omi ńlá kan dín nitrate kù.

Ohun aláwọ̀ búráùn tó dà bí ẹ̀tù, tí ọwọ́ ń nù kúrò wẹ́rẹ́, diatom ni, ìyẹn ewé omi tíntìntín. Silicate inú òkúta, iyanrìn tàbí omi ló ń jẹ, á sì lọ bí ìyẹn bá tán. Ẹ jẹ́ kí iná máa tàn fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ péré. Bó bá jẹ́ pupa tó sì ń ká kúrò bí awọ, cyano ni (oríṣi bakitéríà kan), ẹ fa á jáde pẹ̀lú rọ́bà, kẹ́ ẹ mú kí omi máa ṣàn dé ibẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni dinoflagellate, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín kan: ó ń fà bí ikun, afẹ́fẹ́ kéékèèké ń dúró lórí rẹ̀, ó sì ń dín kù tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìgbà tí nitrate àti phosphate bá di òdo pátápátá ló sábà ń yọjú, nítorí náà ẹni tó bá tún ń da oògùn tó ń yọ phosphate sí i, oúnjẹ ló ń fún un. Ẹ yọ oògùn náà kúrò, ẹ jẹ́ kí nitrate wà ní 5 sí 10 ppm, kí phosphate má lọ sábẹ́ 0.03 ppm.

Skimmer tuntun kò ní ṣe déédéé fún ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, torí epo tó wà lára ike rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bó bá ń tú dànù, ẹ ṣí ẹnu omi rẹ̀ gbayawu kí omi inú rẹ̀ lọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá omi sump kọjá àmì tí wọ́n fi sí i. Omi ìtọ́jú àti bakitéríà inú ìgò náà máa ń mú kó hó bẹ́ẹ̀. Èyí tún jẹ́ ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ dáwọ́ wọn dúró.

Ẹ pa iná mànàmáná gbogbo ẹ̀rọ táǹkì lójú yín ní ọ̀sán, bí ẹni pé iná lọ, kẹ́ ẹ wo bí omi òkè ṣe ń padà sínú sump. Bó bá fẹ́ kún, ẹ lu ihò kékeré kan sára páìpù pọ́ǹpù ní bèbè ojú omi, kó lè fa afẹ́fẹ́ kó sì já, kẹ́ ẹ sì máa nu ihò náà kí iyọ̀ má dí i. Fún ìgbóná, hítà méjì oní 75 wọ́ọ̀tì sàn ju ọ̀kan oní 150 lọ, nítorí bí ọ̀kan bá há síbi títàn, kò ní tètè se ẹja.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá fìdí múlẹ̀, ẹja kan tàbí méjì péré ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, clownfish dáa, àmọ́ láti inú táǹkì ìyàsọ́tọ̀, níbi tí ẹ ti kọ́kọ́ ń ṣọ́ ẹja tuntun bóyá ó ní àrùn. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán funfun bí iyọ̀ lára wọn, Cryptocaryon ni, kòkòrò àrùn tó ń gbé lára ẹja. Oògùn bàbà wà fún un, ṣùgbọ́n nínú táǹkì ìyàsọ́tọ̀ nìkan, kí táǹkì ńlá wà láìsí ẹja fún nǹkan bí ọjọ́ 76. Lẹ́yìn ẹja àkọ́kọ́, ẹ wọn ammonia ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin, kẹ́ ẹ dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó fi òmíràn kún un.