Ehoro dúdú méjì bí ọmọ aláwọ̀ mẹ́rin: ohun tó fà á, àti bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó wà nínú wọn

Ẹ má tíì bá ẹni tó ta akọ ehoro fún yín jà. Ohun tí ẹ sọ ni pé akọ dúdú minimini, abo náà dúdú minimini, wọ́n sì bí mẹ́sàn-án: dúdú márùn-ún, búráwùn méjì, aláwọ̀ eérú kan, àti funfun kan tí ojú rẹ̀ pupa. Ẹ ní ó dá yín lójú pé akọ mìíràn ló gùn ún, tàbí pé wọ́n parọ́ ìran àwọn òbí fún yín. Kò sí ọ̀kan nínú àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tó fi èyíkéyìí nínú méjèèjì hàn. Dúdú méjì lè bí gbogbo wọn.

Krómósómù, ìyẹn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àwọn jíìnì (ìlànà àjogúnbá), 44 ni ehoro ní, 22 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 22 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nítorí náà, ẹ̀dà méjì ni ehoro kọ̀ọ̀kan ní nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan tó ń darí àwọ̀, ẹyọ kan péré nínú méjì yẹn ló sì máa ń fún ọmọ, èyíkéyìí tó bá bọ́ sí i. Jíìnì mẹ́ta ló kan ọ̀rọ̀ yín. Àkọ́kọ́, tí a ń kọ ní C, ló ń ṣe tirosinéèsì, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣíṣe mẹlanínì, èròjà tó ń kun irun àti ojú. Ìkejì, B, ló ń jẹ́ kí mẹlanínì náà dúdú délẹ̀. Bí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì bá bàjẹ́, orí búráwùn ló máa dúró sí. Ìkẹta, D, kì í ṣe mẹlanínì rárá. Òun ló ń bá wọn pín hóró mẹlanínì káàkiri kó lè tẹ́ dọ́gba nínú irun. Tí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn hóró náà á dì pọ̀ sójú kan, dúdú á sì rí bí eérú. Àwọ̀ yẹn ni àwọn tó ń sin ehoro ń pè ní búlúù.

Lẹ́tà ńlá ni a fi ń kọ ẹ̀dà tó dára, lẹ́tà kékeré sì ni a fi ń kọ èyí tó bàjẹ́. Nínú jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀dà kan tó dára ti tó ṣe gbogbo iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ehoro tó ní B kan àti b kan fi dúdú bí èyí tó ní B méjì. Ẹ gbé méjèèjì sínú oòrùn, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí irun wọn títí dé awọ, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ọmọ búráwùn ní láti ní b méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bẹ́ẹ̀ náà ni aláwọ̀ eérú ṣe gba d méjì, tí funfun sì gba c méjì. Ìyá wọn, bí funfun yẹn bá jẹ́ cc lóòótọ́, ó dájú gbangba pé Bb Dd Cc ni, nítorí òun ló bí wọn. Bí ó bá jẹ́ pé akọ yín nìkan ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Bb Dd Cc ni òun náà. Àwọn kan ń sanwó fún láàbù kí wọ́n tó mọ ohun tí ìbí kan ṣoṣo ti sọ fún yín yìí.

Ẹ wo iye tó yẹ kí irú òbí méjì bẹ́ẹ̀ bí. Nínú ọmọ 64, a óò retí dúdú 27, búráwùn 9, eérú 9, funfun 16, àti 3 tí wọ́n jẹ́ búráwùn àti eérú pọ̀, tí a ń pè ní láílákì. Tí a bá sọ ọ́ di ti ọmọ mẹ́sàn-án, dúdú bíi mẹ́rin, funfun bíi méjì, búráwùn kan, eérú kan. Tiyín kò jìnnà sí i rárá. Láílákì tí ẹ kò rí kì í ṣe ìṣòro: nínú ìbí ọlọ́mọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ irú òbí báyìí, bíi 65 nínú 100 ni kò ní ní ẹyọ kan.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n gbọ́ pé òbí méjì tí wọ́n jọ fi b pamọ́ máa ń bí dúdú mẹ́ta sí búráwùn ọ̀kan, wọ́n wá ń retí kí ìbí ọlọ́mọ mẹ́rin mú mẹ́ta sí ọ̀kan wá. Nígbà tí Mendel, ẹni tó kọ́kọ́ ṣàwárí òfin àjogúnbá, ka hóró ẹ̀wà píìsì rẹ̀, 5,474 ló rí róbótó, 1,850 ló hunjọ, ìyẹn 2.96 sí ọ̀kan. Hóró tó lé ní ẹgbẹ̀rún méje ló kà kó tó sún mọ́ mẹ́ta tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ehoro kọ̀ọ̀kan ń gba ẹ̀dà tirẹ̀ láìwo ohun tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ gbà. Òbí méjì tí wọ́n jọ fi b pamọ́ lè bí mẹ́fà láìsí búráwùn kan nínú wọn. Bíi 18 nínú 100 irú ìbí bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí báyẹn. Ẹ má ṣe fi ìbí kan tó mọ́ kéde pé ehoro kan mọ́, ìyẹn pé kò fi nǹkan kan pamọ́.

Àwọ̀ wo ló yẹ kó kó ìfura bá yín nígbà náà? Èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ máa ń borí, tí kò sì hàn lára òbí kankan. Ohun tó bàjẹ́ lè fara pamọ́ láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó ń borí kì í sábà rí ibi sá sí. Bí dúdú méjì bá bí ọmọ aláwọ̀ ehoro ìgbẹ́, ẹ dúró kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí irun ẹ̀yìn rẹ̀: bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ìgbẹ́ lóòótọ́, irun á là bí òrùka tó yí ara wọn ká, eérú nísàlẹ̀, ọsàn láàárín, dúdú lórí. Ikùn rẹ̀ á funfun, ojú rẹ̀ á sì ní òrùka tó mọ́lẹ̀ yíká. Dúdú gidi kò ní ẹ̀dà yẹn láti fún un. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ yọ kúrò kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni: jíìnì kan tí a ń pè ní steel. Ehoro tó ní ẹ̀dà rẹ̀ méjì lè dúdú pátápátá, kí àwọ̀ ìgbẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá góńgó irun aláwọ̀ wúrà tàbí fàdákà tó fọ́n ká lára òbí àti lára àwọn ọmọ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Tí ẹ bá rí i, ọ̀rọ̀ yí padà.

Bí akọ méjì bá jẹ̀bi lóòótọ́, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ kò díjú. Gígùn ló ń mú kí ẹyin abo ehoro já, bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá lẹ́yìn rẹ̀. Akọ méjì tó bá gùn ún láàárín wákàtí díẹ̀ lè jọ jẹ́ bàbá nínú ìbí kan náà. Àwọn akọ kékeré tí ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá àti arábìnrin wọn náà wà níbẹ̀. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ ní tèmi kò sì kan akọ rárá: abo méjì bímọ lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kan kó ọmọ láti inú àpótí kan sí òmíràn kí wàrà lè kárí, kò fi àmì sí wọn. Íńkì sínú etí, kí ẹ tún un kùn lóòrèkóòrè títí ẹ óò fi lè tẹ nọ́ńbà sí i nígbà tí ẹ bá já wọn lẹ́nu ọmú, ló ń dènà ọ̀pọ̀ ìjà.

Ẹ má tíì kọ funfun yẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí cc. Jíìnì C ní ju ẹ̀dà méjì lọ láwùjọ ehoro. Ọ̀kan nínú wọn ni ti himalayan, tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ níbi tí ara bá ti gbóná. Ọmọ himalayan máa ń funfun, ojú rẹ̀ á pupa, àfi tó bá dàgbà díẹ̀ kí imú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù, àwọn ibi tó tutù lára rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Jíìnì kan náà ló wà nínú irun ikùn àti irun imú. Ooru ló pín wọn níyà. Bí òtútù bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí, ara rẹ̀ lè ní eérú-eérú, tí á lọ nígbà tó bá pààrọ̀ irun, ẹnì kan á sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ tún wo ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa, nítorí funfun olójú búlúù ń bẹ, jíìnì mìíràn pátápátá ló sì ń fà á.

Bó bá jẹ́ cc lóòótọ́, ẹ rántí pé ó ṣì ní B tàbí b, D tàbí d, àti gbogbo ìyókù. Àìsí mẹlanínì bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ bo àga ni. Ẹ kò lè wò ó kí ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi kì í fi funfun sínú iṣẹ́ àwọ̀ bí mi ò bá mọ òbí rẹ̀ méjèèjì.

Ìbéèrè yín kejì, bí ẹ ṣe máa rí dúdú tí kò fi ohunkóhun pamọ́. Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé nínú àwọn dúdú irú ìbí yìí, ẹyọ kan nínú 27 péré ni a lè retí pé ó mọ́ nínú jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dúdú márùn-ún tiyín, ó ṣeé ṣe gan-an kí gbogbo wọn fi nǹkan pamọ́. Ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ so ó pọ̀ mọ́ búráwùn tí kò bá a tan. Bí ó bá ní b, ìdajì ọmọ ni a retí pé yóò jẹ́ búráwùn, ọmọ búráwùn kan ṣoṣo sì ti parí ẹjọ́. Bí gbogbo wọn bá dúdú, iye wọn ló ń sọ̀rọ̀: ọmọ márùn-ún, ó ku bíi 3 nínú 100 kó jẹ́ pé ẹ kàn ṣoríire, ọmọ méje, kò tó 1 nínú 100. Méje ni mo máa ń fara mọ́. Ẹ ka àwọn tó kú pẹ̀lú, nítorí búráwùn tí wọ́n kó dànù láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wò ó ló ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Awọ ọmọ tí kò tíì hu irun ti ń fi díẹ̀ hàn, irun á sì hàn dáadáa ní ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje.

Bí ẹ kò bá ní búráwùn, tí ẹ wá lo dúdú tó fi b pamọ́, ẹ óò nílò ọmọ dúdú 17 léraléra kí ẹ tó dé ìdánilójú kan náà. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹ má ta búráwùn méjèèjì àti aláwọ̀ eérú yẹn: irinṣẹ́ àyẹ̀wò ni wọ́n. Láàbù náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n irun tí ẹ fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé, torí inú gbòǹgbò ni sẹ́ẹ̀lì wà. Bí ẹ bá fẹ́ fi òwú nu ẹnu ọmọ, ẹ yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá ṣáájú, kí DNA ìyá inú wàrà má bàa dà á rú.

Ohun kan wà tó léwu ju àwọ̀ lọ. Bí ẹ bá ní ehoro kúkurú, ẹ̀dà kan jíìnì ìkúkurú ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá gba méjì á kéré jọjọ, orí rẹ̀ á wú, yóò sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kúkurú pẹ̀lú kúkurú, ẹ óò máa retí òkú kan nínú mẹ́rin. Kì í ṣe wàrà, kì í ṣe òtútù, kò sì sí ìtọ́jú tó lè gbà á là. Ẹ so kúkurú pọ̀ mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ tó ga níwọ̀n tàbí ẹlòmíràn láti ìran kan náà: ìdajì á kúkurú, kò sì sí èyí tó máa gba méjì. Bákan náà, ehoro alámì dúdú lára funfun tó gba ẹ̀dà méjì jíìnì àmì yẹn máa ń funfun jù, ìfun ńlá rẹ̀ sì sábà máa ń wú, oúnjẹ kì í kọjá dáadáa. Alámì pẹ̀lú aláwọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa so pọ̀. Èyí tí eyín rẹ̀ kò bá pàdé ara wọn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń bímọ, kódà bí àwọ̀ rẹ̀ bá wù yín dé góńgó.

Ẹ má mú ìṣirò mẹ́ta sí ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ ìwọ̀n ara tàbí iye ọmọ. Ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń darí wọn, oúnjẹ àti ooru sì ń fà wọ́n síbí sọ́hùn-ún. Iye ọmọ nínú ìbí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun àjogúnbá: abo tó bí mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan kò tíì sọ nǹkan kan nípa àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Ìbí mẹ́ta ó kéré tán ni mo máa ń wò.

Ní báyìí, ẹ lè tún so akọ àti abo yìí pọ̀ bí ẹ bá fẹ́ràn oríṣiríṣi àwọ̀. Wọn ò bá ara wọn tan, àwọn ọmọ kò sì ní jìyà rẹ̀. Bí dúdú nìkan ni ẹ fẹ́, ẹ wá akọ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí kò fi nǹkan kan pamọ́, fún abo yẹn. Gbogbo ọmọ á dúdú, ìdajì wọn á ṣì fi b pamọ́, ìdajì d, ìdajì c, ẹ óò sì nílò ìdánwò kan náà lórí àwọn tí ẹ bá fi sílẹ̀ láti bímọ.