Dírẹ́tọ̀ ní kí n mú ọmọ mi padà sílé

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún méje. Iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le, kò lè dá rìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara, ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, ó sì ti mọ nọ́ńbà dé ogún. Mo mú un lọ sí ilé-ìwé ìjọba ládùúgbò wa. Dírẹ́tọ̀ ní kí n mú un padà sílé, pé àwọn kò ní olùkọ́ tó lè tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí ni mo lè ṣe? (Ìyá kan, Kétu)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ yín ní ẹ̀tọ́ sí kíláàsì yẹn. Òfin 2017-06, ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ló ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì fi òfin ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Dírẹ́tọ̀ tí wọ́n fi òfin halẹ̀ mọ́ lè gba ọmọ wọlé, kó sì pa á tì sẹ́yìn kíláàsì títí ọdún á fi parí.

Ẹ̀rù ló sábà máa ń wà lábẹ́ "a kò ní olùkọ́". Tó bá ṣubú ńkọ́? Ta ni yóò gbé e lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀? Tí gìrì bá mú un ńkọ́? Ẹ dáhùn kí wọ́n tó béèrè. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín kọ ojú ìwé kan ṣoṣo ní èdè Faransé. Ohun tó lè ṣe ni kó ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni ohun tó nílò, bó ṣe ń fi hàn pé òun fẹ́ tọ̀, oògùn tó ń lò, àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì, nítorí tiyín nìkan lè má lọ. Ẹ fi ìwé dókítà tì í. Ẹ bẹ dókítà kó má kàn kọ orúkọ àìsàn. Kó kọ ọ́ pé kì í ràn, àti pé ọmọ náà lè kẹ́kọ̀ọ́. Gbólóhùn yẹn ló máa ń tu olùkọ́ lára jù.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àga dáadáa. Lórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn, gbogbo agbára ọmọ ló ń lò láti má ṣubú. Kò ní sí èyí tó kù fún ìkọ̀wé, olùkọ́ á sì rò pé kò lóye. Kí káfíńtà wọn ọmọ fúnra rẹ̀: ìdí kan ẹ̀yìn àga, orúnkún tẹ̀ bí igun àpótí, àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ tàbí sórí àpótí kékeré, tábìlì bá ìgúnpá dọ́gba. Kí àga ní apá méjèèjì. Ibàdí ni kí ọ̀já gbà, kì í ṣe àyà. Bí ọmọ bá yọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀já àyà lè fún un lọ́rùn. Ẹ wé fóòmù mọ́ bíìkì kó lè dì í mú. Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀, àga tí a gé ihò sí láàárín pẹ̀lú pọ́ò lábẹ́ rẹ̀ ti tó, bí ará ilé kan bá lè wá ní àkókò ìsinmi. Ẹ gbé àwọn àga náà lọ hàn dírẹ́tọ̀, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí CRP (Chef de Région Pédagogique), ọ̀gá tó ń bójú tó ilé-ìwé agbègbè yín: ọjọ́ tí ẹ lọ, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí ẹ ń béèrè. Ibí yìí ni kí ẹ ti dárúkọ òfin. Ẹ̀dà méjì ni, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sórí tiyín; láìsí òǹtẹ̀, wọ́n lè ní àwọn kò rí i gbà. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí GUPS (Guichet Unique de Protection Sociale), ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran àwọn ará ìlú tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́, kí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ibẹ̀ lè bá yín dá sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, ẹ tún gbé ojú ìwé yẹn fún olùkọ́ tuntun, nítorí ti àtijọ́ lè ti lọ.

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́ta, kò tíì sọ̀rọ̀ kankan. Ìyá ọkọ mi ní kí a gé abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ṣé kí n gbà? (Àjàṣẹ́)

Ìdáhùn: Rárá. Ahọ́n tó so kì í mú kí ọmọ má sọ ọ̀rọ̀ kankan. Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tó bá ń ṣeré, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti ní rí òjìji, kó pè é jẹ́jẹ́, kó tún pè é sókè. Ẹ má fẹsẹ̀ lulẹ̀: ilẹ̀ tó mì á mú kó yíjú, ẹ ó sì rò pé ó gbọ́. Kódà bó bá yíjú, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, torí ọmọ lè gbọ́ ìró kan kó má gbọ́ òmíràn.

Bó bá jẹ́ adití, ẹ bẹ̀rẹ̀ èdè ọwọ́ kíákíá, kí gbogbo ilé sì kọ́ ọ. Ọmọ tó bá dàgbà láìní èdè kankan, ìyà ẹ̀kọ́ á jẹ ẹ́ púpọ̀. Ẹ ò ní jìnnà lọ: ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Louho, ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀, tí àwọn adití àti àwọn tó ń gbọ́rọ̀ ti jọ ń kàwé. Ẹ mú ìyá ọkọ yín dání lọ sọ́dọ̀ dókítà; ohun tí wọ́n bá fi etí ara wọn gbọ́ yóò yé wọn ju èyí tí ẹ bá gbé wálé fún wọn.