Lọ́yà alága kánsù kọ lẹ́tà sí mi: ṣé kí n yọ ìròyìn náà kúrò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ní ojú ìwé Facebook kan tí mo fi ń gbé ìròyìn àdúgbò wa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ní alága kánsù wa ti kó owó títì wa jẹ. Lọ́yà rẹ̀ ní kí n yọ ọ́, kí n tọrọ àforíjì, kí n sì san ₦200 mílíọ̀nù owó gbà-má-bínú láàárín ọjọ́ 7. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Lẹ́tà lọ́yà kì í ṣe ìdájọ́, kì í ṣe ìwé ìpè kóòtù pàápàá. Iye owó yẹn, àwọn ni wọ́n bu ú fúnra wọn. Adájọ́ kankan ò tíì gbọ́ sí i. Àmọ́ ẹ má pa lẹ́tà náà tì o. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìròyìn yẹn rárá, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀rí tẹ́ ẹ ní.

Ẹ wá tún ọ̀rọ̀ yín kà. "Títì yìí ò tíì parí, a sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe náwó rẹ̀": fọ́tò àti ìwé ìṣúná kánsù lè gbe èyí lẹ́yìn. "Alága kówó jẹ" ń pe èèyàn lólè. Tó bá dé kóòtù, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé òótọ́ ni. Òun ò ní láti fi hàn pé irọ́ ni. "Wọ́n ní" tẹ́ ẹ fi ṣíwájú yẹn ò sì gbà yín, nítorí ẹni tó tún ọ̀rọ̀ sọ ti di ẹni tó sọ ọ́.

Òfin òmìnira ìròyìn (FOI) ti ọdún 2011 fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ 7. Ẹ kọ̀wé sí kánsù lónìí, ẹ béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ títì náà.

Ọlọ́pàá ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ìbanilórúkọjẹ́ ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin ìwà ọ̀daràn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa. Ní oṣù Kejìlá 2024, Èkó ni wọ́n ti mú Dele Farotimi, lọ́yà tó tún jẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, lọ sí Adó-Èkìtì, lórí ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ tí àgbà lọ́yà Afe Babalola fi kàn án nípa ìwé kan tí Farotimi kọ. Ìgbà táwọn ọba dá sí i, ní oṣù Kìíní 2025, ni Babalola tó gbà láti jáwọ́ ńbẹ̀. Tí ọlọ́pàá bá pè yín, ẹ má dá lọ. Ẹ mú lọ́yà dání.

Kí lọ́yà yín náà fèsì lẹ́tà yìí kí ọjọ́ 7 tó pé. Gbólóhùn tẹ́ ẹ ò bá lè gbè, ẹ tún un ṣe ní gbangba, níbi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́. Àforíjì tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ fún yín, tó ní irọ́ ni gbogbo ìròyìn náà, ẹ má fọwọ́ sí i.